Ẹnu Alhaji Mùkáílà Ń Mì, Ohùn Kò Jáde

Lọ́jọ́ fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀, Alhaji Mùkáílà tó ti wà nínú sàréè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko níwájú gbogbo ẹbí rẹ̀ ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó sọ.

Inú tẹlifíṣọ̀n ló ti ń sọ ọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bàbá náà máa kú ló pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Abdulbasit, pé kó fi kámẹ́rà ká ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀, kó gbé e sínú àwo DVD, kó sì tọ́jú àwo náà títí di ọjọ́ ogójì. Ọjọ́ pé, ẹbí náà sì pé. Wọ́n tan hóòmù tíátà tí olóògbé máa ń fi yangàn fún àlejò nígbà ayé rẹ̀. Àwòrán jáde kedere. Alhaji jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dé fìlà funfun, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí ẹni tó gbé kámẹ́rà dání, ó mi ìka náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohùn kò jáde.

"Èpè ló ń ṣẹ́ fún un!" Alhaji Rájì, àbúrò olóògbé, ló fò dìde. "Ẹ ò rí ìka yẹn ni? Ìdí tó fi pa ohùn bàbá ẹ̀ rẹ́ nìyẹn!"

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé báàgì Abdulbasit sí fàráńdà, wọ́n sì ti mú òun fúnra rẹ̀ wá sí àgọ́ wa.

Èmi Sájẹ́ńtì Akínfẹ́nwá ni wọ́n fa ẹjọ́ náà lé lọ́wọ́, lọ́dún 2007 yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, lójú tèmi ẹjọ́ náà ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ya fídíò? Abdulbasit. Ta ló gbé e sínú àwo? Abdulbasit. Ọwọ́ ta ni àwo náà wà fún ogójì ọjọ́? Ọwọ́ Abdulbasit. Olè tó gbé kàkàkí ọba kò rọrùn láti mú tó èyí.

"Kí ni bàbá ẹ sọ nínú fídíò yẹn?" mo bi í.

"Wọ́n ní kí n má sọ ọ́, sà. Wọ́n ní ẹnu àwọn fúnra àwọn ni wọ́n fẹ́ kí ẹbí ti gbọ́ ọ."

"Ṣó o rí i pé ẹnu bàbá ẹ ò lè sọ ọ́ mọ́ báyìí? Sọ ọ́ fún mi."

Ó mi orí. "Tí mo bá sọ ọ́, sà, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé afurasí kọ̀ láti fèsì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó gbẹ, ó sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n bá òun pe ilé, kí wọ́n rán ìyá òun létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní aago méjì.

Ibẹ̀ la wà tí Alhaji Rájì fi wọlé. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí káńtà, fóònù dáadáa, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lójú rẹ̀. "Sájẹ́ńtì, ṣé ẹ ti kọ ọ́ tán? Mo fẹ́ kó dé kóòtù ní Mọ́ńdè. Kó tó dìgbà yẹn, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilé yẹn mọ́."

"Alhaji, ṣé kò lè jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ló bàjẹ́?"

"Ẹ̀rọ wo? Ṣebí a fi kásẹ́ẹ̀tì Kùránì sí i, tó dún gbogbo àdúgbò! Mo tún gbé àwo yẹn lọ sílé tèmi ní Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá, mo fi í sí DVD tèmi. Níbẹ̀ náà, ẹnu ń mì ni, ohùn ò jáde. Ilé méjì o, Sájẹ́ńtì! Ẹ̀rọ méjì! Kí lẹ tún ń wá?"

Kò sí ohun tí mo ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó lè pa ohùn bàbá rẹ̀ rẹ́, ṣé òun náà ló máa wà látìmọ́lé tí yóò máa ro aago oògùn ìyá rẹ̀? N kò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ máa dà mí lọ́kàn rú, torí náà mo lọ sí Rọ́ọ̀dù 23 ní Fẹ́sítáàkì, sọ́dọ̀ Màdáàmù Margaret Ògúndípẹ̀.

*

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màdáàmù fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka rédíò àwọn ọlọ́pàá. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló sì kọ́kọ́ pè mí ní olórí kunkun. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń tún dẹ̀kódà ṣe nínú pálọ̀ rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Obìnrin kúkurú ni, ó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ okùn bí ẹni so ewúrẹ́, kó má baà rìn lọ.

Mo ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbójú sókè kúrò lórí ohun tó ń tú.

"Kásẹ́ẹ̀tì dún?" ó ní.

"Ó dún, mà."

"Ṣé wọ́n fi àwo mìíràn sínú DVD yẹn?"

Mo họ orí. "N ò bi wọ́n, mà."

"Ìgbà wo ni wọ́n lo DVD yẹn kẹ́yìn, kó tó di ọjọ́ fídáù?"

"Ìyẹn náà, n ò bi wọ́n."

"Akínfẹ́nwá, kí wá lo bi wọ́n?" Ó bọ́ gíláàsì sí àyà. "Gbọ́. Ohùn dà bí omi inú ilé. Ó ní táńkì tó ti ń bọ̀, ó ní páìpù tó ń gbà, ó ní ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbà jáde. Tí omi ò bá yọ, o kì í sáré mú ẹni tó rọ táńkì. Wàá tọ páìpù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbo ni àwo yẹn wà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Alhaja Kúlísúmù, ìyá ọmọ náà. Ó ti búra pé kò ní kúrò nílé òun mọ́."

Ó ju súkúrúdíráfà méjì sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa, àwa la máa lọ bá a. Mú ọmọ yẹn dání."

*

Báàgì Abdulbasit ṣì wà ní fàráńdà nígbà tí a dé ibẹ̀, báàgì aláwọ̀ búlúù tí ṣípù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ náà wò ó, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Alhaja Kúlísúmù jókòó sínú pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ takàbá lára. Ó rí ọmọ rẹ̀, ó ṣí ẹnu, ó wo Alhaji Rájì tó jókòó sí àga olóògbé, ó sì pa ẹnu dé. Àánú obìnrin náà ṣe mí.

"Ẹ kú ilé o, Alhaja. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," Màdáàmù kí i, ó fi orúnkún kanlẹ̀ díẹ̀. "Alhaji, ẹ kú ìnáwó. Mo wá wo ẹ̀rọ yín ni."

"Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan," Alhaji Rájì fèsì.

"Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi."

Ẹ̀rọ náà tò sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n: DVD lókè, amúpilifáyà tó ń pín ohùn kiri, tó sì ní ojú kásẹ́ẹ̀tì, nísàlẹ̀, sípíkà márùn-ún àti èyí tó ń ṣe gbì-gbì káàkiri pálọ̀. Màdáàmù kò fọwọ́ kan àwo olóògbé rárá. Sípíkà àárín ló kọ́kọ́ lọ bá, ó gbé etí lé e.

"Sípíkà àárín yìí ni ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń bá jáde jù tí a bá ń wo fíìmù," ó ní. "Bó bá ti kú, orin lè máa dún kí ẹnu máa mì lásán. Akínfẹ́nwá, fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sí i."

Mo fi í sí i. Ohùn Kùránì tú jáde ní gbogbo igun, sípíkà àárín pàápàá ń dún.

"Èyí kì í ṣe ọ̀daràn," ó ní. Ó lọ sí bọ́tìnì amúpilifáyà, èyí tí a fi ń yàn bóyá kásẹ́ẹ̀tì la fẹ́ gbọ́ ni tàbí DVD. Ó yí i sí DVD. Ó tọ̀nà, ojú ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà. "Èyí náà kọ́."

Mo rí i pé Alhaji Rájì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rò pé mo ti fi epo mọ́tò ìjọba ṣòfò.

"Alhaja," Màdáàmù ní, "fíìmù wo lẹ wò kẹ́yìn nílé yìí?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Fíìmù kẹ̀? Nínú ilé ọ̀fọ̀? Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò fi fíìmù sí i. Kùránì nìkan là ń gbọ́, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Alhaji? Nílé yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kú, màdáàmù! Ṣé n óò máa wo fíìmù ni?"

Màdáàmù dúró gbọnin. Mo mọ ìdúró yẹn dáadáa. Bó ṣe máa ń dúró nìyẹn láyé àtijọ́ tó bá gbọ́ ìró tíntín nínú rédíò tí àwa yòókù kò gbọ́.

"Ọjọ́ ogójì ti kọjá," ó ní. "Ẹ bá mi wá àwo mìíràn. Kó má jẹ́ fíìmù. Wáàsí Alfa kan."

Alhaja fa àpótí kan yọ, ó mú àwo wáàsí jáde, èyí tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti wò láìmọye ìgbà. Màdáàmù tì í sínú DVD. Alfa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó na ọwọ́ sókè, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú wáàsí. Kò sí ìró kankan nínú pálọ̀ àfi ti fáànù.

"Alhaji," Màdáàmù yíjú sí Rájì, "ṣé Abdulbasit náà ló pa ohùn Alfa rẹ́?"

Alhaja Kúlísúmù fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi? Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn bàtà mi. Ìbéèrè kan péré ni, n kò sì bi í.

*

Ṣùgbọ́n Alhaji Rájì kì í ṣe ẹni tí ń tètè túúbá. "Á jẹ́ pé ó ba DVD yẹn jẹ́ mọ́ ọn ni!"

"Ti Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá náà ńkọ́? Ṣé ó wá sílé yín láàárín ogójì ọjọ́ yìí?"

"Kò wá. Kò fẹsẹ̀ kàn án."

"Ó dáa." Màdáàmù fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. "Ilé méjì ni àìsàn kan náà ṣe. Ẹ má wo ohun tó yàtọ̀. Ẹ bá mi wo àlejò tó wọ ilé méjèèjì. Kí lẹ rà tuntun láti ìgbà tí Alhaji ti jáde láyé?"

"Wáyà ni," Alhaja ní wẹ́rẹ́. "Èkúté ti jẹ ti tẹ́lẹ̀. Rájì ló ra tuntun, ó ní kí ohùn ẹ̀gbọ́n òun lè dún ketekete lọ́jọ́ fídáù. Ó ra méjì, ó mú ọ̀kan lọ sílé ẹ̀."

"Ojúlówó ni o!" Alhaji Rájì gbèjà ara rẹ̀. "Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn ni, kì í ṣe wáyà lásán. Láńre ló tà á fún mi, ní Apple Junction."

Ara mi yá gágá. Mo ti rí ọ̀daràn tuntun! Mo fa fóònù yọ, mo gba nọ́ńbà Láńre lọ́wọ́ Alhaji, mo gbé e sí ibi tí gbogbo wa ti lè gbọ́.

"Láńre, Sájẹ́ńtì Akínfẹ́nwá lèyí. Wáyà feyíkì lo tà fún Alhaji Rájì!"

"Háà, ọ̀gá, èmi kẹ̀? Abeg o!" ohùn náà ta jìgì. "Mo tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lójú wọn! Iná pupa jáde ní ẹnu méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní kí n dé ẹnu ẹ̀ padà bó ṣe wà. Mo ní kí n wá bá wọn kọnẹ́ẹ̀tì ẹ̀, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n ṣe."

"Kó o dé ẹnu ẹ̀ padà?" Màdáàmù tún un sọ jẹ́jẹ́. "O ṣeun, Láńre." Ó ní kí n pa fóònù.

Ó wá wo ọwọ́ Alhaji Rájì. "Alhaji, aago yín dára. Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́ta. Mo rà á bọ̀ láti Hájì."

"Ọ̀rá tó wà lójú ẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é? Ojúlówó aago ni. Tí mo bá yọ ọ́, á họ."

Ìgbà náà ni mo rí i. Ọ̀rá wà lójú aago, ọ̀rá wà lójú fóònù, rìmóòtù tó wà lórí tábìlì pàápàá wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rọ́bà dè lẹ́nu. N kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mátírẹ́ẹ̀sì tí mo ń sùn lé nílé, ọdún kẹrin rèé, ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń dún wáyawàya lábẹ́ mi. Bí àwa ṣe ń tọ́jú nǹkan nìyẹn.

Màdáàmù na ọwọ́ sẹ́yìn amúpilifáyà. "Abdulbasit, wá bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i." Ọmọ náà kúnlẹ̀ tì í. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi de wáyà náà mọ́ ara ẹ̀rọ, ìlọ́po mẹ́ta. "Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni," Alhaji Rájì ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kò fẹ́ jókòó dáadáa."

"Kò ní jókòó dáadáa." Ó bó sẹ́lótéèpù náà, ó fa wáyà yọ, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ sójú wa. Ìdérí dúdú kan wà lẹ́nu rẹ̀, kò tóbi ju hóró ìbẹ́pẹ lọ. "Ìmọ́lẹ̀ ni ohùn fi ń rìn nínú wáyà yìí, Alhaji. Ìmọ́lẹ̀ ò sì lè gba inú ìdérí kọjá. Ẹ tọ́jú ẹ̀ kó má họ, ẹ sì dí ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu."

Ó fi èékánná ṣí ìdérí náà, ó ṣí ti ẹnu kejì lẹ́yìn DVD, ó sì ti ìyẹn padà bọ ihò rẹ̀. Iná pupa kékeré kan tàn sí àtẹ́lẹwọ́ Abdulbasit. Ọmọ náà kò mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

*

Màdáàmù ti ẹnu wáyà náà bọ ojú ihò amúpilifáyà, ó dún kọ́ọ́. Ó wá na ọwọ́ sí Alhaja, ó gba àwo olóògbé, ó fi í sí i.

Alhaji Mùkáílà yọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó wúkọ́, a sì gbọ́ ọ. Alhaja Kúlísúmù ké "Yéè!" ó di ẹsẹ̀ àga mú.

"Bísímílláhi," olóògbé ní. "Kúlísúmù, mo kí ọ. Rájì, àbúrò mi, jókòó. Mo mọ̀ ọ́, o ti fẹ́ dìde. Láti kékeré lo ti máa ń gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tí wàá ti dájọ́. Jọ̀wọ́, lónìí nìkan, gbọ́ tèmi tán."

Alhaji Rájì tó ti dìde dé ìdajì tún jókòó padà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó dárúkọ àwọn tó bá òun ṣe dáadáa, ó ní kí wọ́n má ta ilẹ̀ tó wà létí odò. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì na ìka náà, ìka tó gbé ọmọ ènìyàn dé àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ẹ wo ọmọ tó gbé kámẹ́rà yìí dání. Ẹ wò ó dáadáa. Oṣù mọ́kànlá ló fi ń wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun. Òun ló ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ nílé ìyàgbẹ́, kò yínmú sí mi lọ́jọ́ kan. Níwájú gbogbo yín ni mo ti pè é ní aláìníláárí nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Níwájú gbogbo yín náà ni mo fẹ́ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Abdulbasit, fi orí jì mí. Má sọ èyí fún wọn o, lẹ́nu tèmi ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Yàrá tí mo ń sùn nílé yìí, ìwọ ni mo fún. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé ọ jáde níbẹ̀."

Mo wo ọmọ náà. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ló wà nígbà náà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí. Síbẹ̀ ó sunkún bí ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ sì fà á mọ́ra. Ta ni yóò dúró níwájú káńtà ọlọ́pàá tí yóò máa sọ pé bàbá òun bẹ òun? Mo fa ìwé ẹ̀sùn náà yọ lápò mi, mo ya á sí wẹ́wẹ́.

Alhaji Rájì dìde, ó gba ọ̀nà ìta lọ láìwo ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó ń bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀ ni. Mo ti fẹ́ sọ pé kó dúró, ṣùgbọ́n Màdáàmù fọwọ́ kàn mí léjìká.

Kò pẹ́ tí àgbà náà fi padà wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá báàgì aláwọ̀ búlúù náà mọ́ àyà, torí ṣípù rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan já bọ́ nínú rẹ̀. Ó dúró ní àárín pálọ̀.

"Níbo ni kí n gbé e sí?" ó bi Alhaja.

"Yàrá bàbá ẹ̀ ni," Alhaja ní.

Ó sì gbé e lọ.